Òórùn Bàbá Mi Nínú Ilé Opó

Òórùn kànáfùrù ló máa ń jí mi ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, yóò ta mí nímú bí ẹni fi ìka tọ́ mi. Lẹ́yìn náà ni ti ewé tíì yóò tẹ̀ lé e, tútù, bí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá lórí koríko. Bí mo bá ti wá gbọ́ òórùn kẹta, èyí tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ nígbà náà, tó dà bí pákó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, mo mọ̀ pé Bàámi ti wẹ̀, ó ti wọ agbádá, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi pè mí kí n wá nu bàtà òun.

Oníṣòwò gẹdú ni Bàámi. Ìjẹ̀bú-Igbó ni ilé rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú igbó àti etí omi ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń wà. Yóò ra igi nínú igbó, yóò sì bá a dé etí ọ̀sà lọ́hùn-ún, lápá Ìwọ̀pin, níbi tí wọ́n ti ń so gẹdú pọ̀ tí wọ́n ń tù ú lórí omi lọ sí Èkó. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ kí ó tó lo ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ọ̀sẹ̀ tó bá wà nílé ló máa ń po lọ́fínńdà.

Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ra ti inú ìgò fún òun. Ó ní ọtí wà nínú rẹ̀, òun kò sì lè fi ọtí para kí òun tó dojú kọ Ọlọ́run. Ọjọ́rú ló máa ń gé ewé tíì lẹ́yìnkùlé. Yóò gé e wẹ́wẹ́ sínú ìkòkò irin, yóò bu omi sí i, yóò gbé àwo tánganran kan lé orí òkúta láàárín ìkòkò náà, yóò wá dojú ọmọrí ìkòkò dé, kí ikùn rẹ̀ lè wo àwo nísàlẹ̀. Bí iná bá ti ń jó lábẹ́, omi tútù ni yóò máa dà sórí ọmọrí. Ooru á gbéra, á kan irin tó tutù, á di omi padà, á sì máa kán sínú àwo. Tí gbogbo rẹ̀ bá tutù tán, òróró fẹ́ẹ́rẹ́ kan á léfòó lójú omi náà, kò nípọn ju ìyẹ́ eṣinṣin lọ. Ìyẹ́ adìẹ ni Bàámi fi ń gbá a, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, sínú ìgò abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti lò tán. Kànáfùrù ní tirẹ̀, inú òróró àgbọn ló ń rẹ ẹ́ sí, á sì gbé e sójú oòrùn fún ọjọ́ méje. Òróró kẹta, èyí tó ń rùn bí pákó tuntun, Mẹ́kà ló ti wá. Àlùháájì kan ló bá a mú un bọ̀, ìgò rẹ̀ kò sì ju àtàǹpàkò mi lọ. Òróró kànáfùrù á kún ìdajì ìgò, ti ewé tíì á jẹ́ ogún ẹ̀kán, ti Mẹ́kà á jẹ́ mẹ́ta péré. Èmi ló máa ń ní kí n bá òun kà á. Bí mo bá kánjú ka méjì pọ̀, á gbé ìyẹ́ adìẹ dúró, á ní, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, Ràṣíìdì. Òórùn tí a kánjú pò, kì í dé ẹnu ọ̀nà kó tó kú."

Ìyá tó bí Bàámi, Ìyá Àgbà, ló ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Ojú rẹ̀ ti fọ́ kí wọ́n tó bí mi. Imú ló fi ń mọ ẹni tó wọlé, imú ló sì fi ń mọ ohun tí onítọ̀hún ti ṣe. "Ràṣíìdì, o jẹ máńgòrò, o sì fi ọwọ́ òfo wá kí mi. Ó dáa, Ọlọ́run ń wò ọ́ ná." Ìjẹ̀bú ponbélé ni Ìyá Àgbà ń sọ. Yorùbá ìwé ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí kí gbogbo wa lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lágbègbè wa yóò gbọ́ bó ṣe dún.

Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Bàámi kú. Gẹdú tí wọ́n so pọ̀ ló tú lórí ọ̀sà, ó sì bọ́ sáàárín wọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí etí omi wẹ̀ ẹ́, wọ́n kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín síbẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí. Bàtà rẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n mú wá fún wa.

Àbúrò rẹ̀, Bàbá Kékeré, ló gba ìròyìn náà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Ìyá kò gbọdọ̀ gbọ́." Ọmọ mẹ́ta ni Ìyá Àgbà ti fi sínú ilẹ̀ ṣáájú. Nígbà tí ẹ̀kẹta kú, ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi jẹun, ọ̀fun rẹ̀ dí, ọpẹ́lọpẹ́ àwọn tó ń fi òwú kán omi sí i lẹ́nu. Gbogbo ẹbí ló gbà pé ti Súnmọ́nù, tí í ṣe Bàámi, ni yóò pa á. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ àṣà yìí dáadáa: a kì í dédé túfọ̀ ọmọ fún arúgbó. Màámi pe èmi àti àwọn àbúrò mi jọ, ó ní, "Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ." Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Báyìí ni a ṣe ṣọ̀fọ̀ láìpariwo. Ìlú Òrù ni wọ́n ti ṣe àdúà ọjọ́ kẹjọ, nílé ẹ̀gbọ́n Bàámi obìnrin tí a ń pè ní Ìyá Òrù, kí ohùn àwọn àfáà má baà dé yàrá ẹ̀yìn. Àwọn tó wá kí wa á ki ìborùn bọ ẹnu níwájú ilé, wọ́n á sunkún títí èjìká wọn á máa gbọ̀n. Wọ́n á wá nu ojú, wọ́n á rìn dé ẹ̀yìn, wọ́n á sì yá ẹnu, "Ìyá wa! Ara ń le bí? Ẹ̀yin mà tún ń tàn yanran!" A sọ fún un pé Súnmọ́nù bá gẹdú dé Èkó, pé ọjà kò tíì yá ló ṣe pẹ́.

Màámi wọ ilé opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Obìnrin tó bá wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ lé tìróò, kò gbọdọ̀ fi lọ́fínńdà kan ara. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń lọ sí ọjà lọ́sàn-án, kí Ìyá Àgbà má baà fura. Ìyá Àgbà kò lè rí aṣọ tí Màámi wọ̀, ọkàn gbogbo wa sì balẹ̀. A ti gbàgbé imú rẹ̀.

Ó tó bí ọ̀sẹ̀ kẹta kí ó tó sọ̀rọ̀. Mo ń gbé omi fún un láti ṣe àlùwàlá, Màámi wà nítòsí.

"Kí ló ṣe ilé yìí?" ni Ìyá Àgbà wí. "Lọ́sàn-án, ńṣe ló ń rùn bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò níbẹ̀. Ìyàwó Súnmọ́nù, ìwọ náà kò fi nǹkan para mọ́."

Màámi ní ìyọnu ọjà ni.

"Ọjà wo? Ọjà tí ń mú obìnrin gbàgbé ara rẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fi ìka wá ẹnu kẹ́tù omi. "Ìgbà wo ni Súnmọ́nù sọ pé òun ń bọ̀?"

Màámi sáré jáde. Mo bá a níbi ìdáná, ó ti ki etí ìró rẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ wú.

Mo rò ó lọ́jọ́ náà bí ọmọdé ṣe ń rò ó. Ìyá Àgbà ti fẹ́ mọ̀. Bó bá mọ̀, yóò kú. Òórùn ni yóò tú àṣírí, nítorí náà òórùn ni yóò bò ó. N kò rò pé ẹnì kan wà nínú ilé náà tí òórùn lè kó bá.

Ọjọ́ tí Màámi lọ sí ọjà ni mo gbé ìkòkò kaná. Ti àkọ́kọ́ jóná, ó ń rùn bí ọbẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Èkejì ni mo fi ẹ̀sọ̀ ṣe. Òróró kànáfùrù tí Bàámi rẹ sílẹ̀ ṣì wà lókè àjà, ìgò ti Mẹ́kà sì wà nínú àpótí rẹ̀ lábẹ́ fìlà. Mo kán an, mẹ́ta. Mo gbọn ìgò náà, mo fi pa ọrùn àti ẹ̀yìn etí bí Bàámi ṣe máa ń ṣe, mo sì wọ yàrá ẹ̀yìn. Mo kàn fẹ́ dúró díẹ̀ kí òórùn náà kún yàrá, kí n sì jáde.

Ìyá Àgbà ń fa tẹ̀sùbáà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó yí ojú sí mi, ojú funfun yẹn tí kì í rí nǹkan, ó ní, "O dé?"

Ó fọwọ́ tẹ ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Jókòó. Ó ti rẹ̀ ọ́."

Mo jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń bá àgbà ọkùnrin sọ̀rọ̀: pé páànù ilé ń jò lápá ibi ìdáná, pé Bàbá Kékeré ti ń fi ohùn gíga sọ̀rọ̀ jù fún ẹni tí kò tíì kọ́lé. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ràṣíìdì kì í jẹun dáadáa mọ́. Ó ń ga, ṣùgbọ́n kò sanra. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó máa ń wo ẹnu ọ̀nà." Gbogbo irun ara mi dìde. Èmi ni mo jókòó níbẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ròyìn mi fún òkú.

Síbẹ̀ mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, lẹ́yìn ìrun Àìlá ọ̀sán, n ó para, n ó jókòó sórí ẹní, n ó sì wẹ̀ ẹ́ kúrò kí Màámi tó dé. Mo rò pé mo wẹ̀ ẹ́ kúrò.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ìyá Òrù bẹ̀ wá wò láìròtẹ́lẹ̀. Ó bá Màámi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lọ́ọ̀dẹ̀. Ó dúró, ó fa imú, ó tún fà á.

"Haa!" Nítorí Ìyá Àgbà, abẹ́ eyín ló ti ń sọ ọ́, èyí sì mú kí ó burú sí i. "Opó olóòórùn! Àbúrò mi kò tíì jẹrà nínú ilẹ̀, ìwọ ti ń fi lọ́fínńdà pe ọkọ."

"Ẹ̀gbọ́n, mo fi Ọlọ́run búra, n kò fọwọ́ kàn án."

"Ta ló wá fọwọ́ kàn án? Òkú? Ṣé òun ló dìde wá fi lọ́fínńdà para?" Ó na imú sí èjìká Màámi, ó ń fín in bí ajá. "O ti wẹ̀ ẹ́. O gbọ́n. N ó pe gbogbo ẹbí, n ó pe Lèmọ́mù. Obìnrin tó bá tú opó nílé ọkọ, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà jáde."

Mo ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo jáde, mo na ìgò náà sí wọn. Màámi wò ó, ó wò mí, ó sì mọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Kò nà mí. Ó gbà á, ó dà á sínú ṣálángá, ó kó gbogbo ìgò Bàámi, ó da tiwọn náà síbẹ̀, títí kan ti Mẹ́kà. Ó fi ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn bó mi títí ara mi fi ń ta mí. Ìyá Òrù jókòó tì wá, ó ń wò, ó ní òun kò lọ sílé lọ́jọ́ náà, òun fẹ́ fi imú ara òun jí nínú ilé yìí kí òun tó gba ọ̀rọ̀ ọmọdé gbọ́.

Kànáfùrù ló jí wa, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọn kò tíì pe ìrun àárọ̀. Ìyá Òrù fà mí dìde, ó fín ọrùn mi. Ọṣẹ nìkan ló gbọ́. Ó fín Màámi; kò gbọ́ nǹkan kan. A dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a kò wo ojú ara wa. Òórùn náà ń ti yàrá ẹ̀yìn wá. A sì ń gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà. Yóò sọ̀rọ̀ díẹ̀, yóò dákẹ́ bí ẹni ń gbọ́ èsì, yóò sì tún sọ̀rọ̀. Ìyá Òrù, tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní Kùránì, bẹ̀rẹ̀ sí í ké Áyátù Kúrísíyù tí wọ́n fi ń wá ààbò, ó dé àárín, kò sì rántí ibi tó kù.

"Ẹ wọlé," ni Ìyá Àgbà wí láti inú. "Ẹ má dúró bí olè."

Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó jókòó sí apá kan ẹní, ó fi apá kejì sílẹ̀. Mo fọwọ́ kan ibi tó ṣófo náà. Ó tutù, ó sì rin díẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ìrì ni.

"Ràṣíìdì," ni ó wí, "tìrẹ dára. Mo mọ̀ pé ìwọ ni, bàbá rẹ kì í mí bí ẹni tó sáré ti ilé ìwé bọ̀. Ṣùgbọ́n tìrẹ gbẹ. Tirẹ̀ máa ń tutù. Ó ń rùn bí omi ọ̀sà, àti igi tó ti pẹ́ nínú omi. Lẹ́yìn Àìlá ni ìwọ ń wá. Òun, kí wọ́n tó pe ìrun ni."

Kò sí ẹni tó sọ fún un pé omi ló pa á. Ìyá Òrù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ìyá," ni ó wí, "ẹ ti mọ̀?"

"N kò mọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó sọ nǹkan kan fún mi, ẹ má sì sọ ọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, n ó ní láti dáhùn pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kí Ó tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Òun náà yóò gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò ní wá mọ́." Ó yí orí sí Màámi. "Ìwọ ìyàwó, máa ṣe opó rẹ lọ. O kò ṣe nǹkan kan."

Ìyá Òrù kò pe ẹbí jọ. Kí ó tó lọ, ó kúnlẹ̀ fún Màámi ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀, ohun tí n kò rí rí tí n kò sì tíì rí láti ìgbà náà.

Nígbà tí opó Màámi pé, Bàbá Kékeré ní ó tó àkókò. Ogún wà nílẹ̀, ìyá sì ní ìpín nínú ogún ọmọ rẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa, a kò sì lè pín in fún un láìjẹ́ pé ó mọ̀ pé ọmọ kú. Òun àti Lèmọ́mù dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n wọ aṣọ tí wọ́n fi ń túfọ̀. Màámi wà lọ́jà. Èmi nìkan ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn.

"Ìyá Àgbà ń kírun," ni mo wí.

Wọ́n dúró. Wọ́n jẹ obì, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò. Bàbá Kékeré tún dìde.

"Ó ṣì ń kírun, sà."

"Láti àárọ̀? Ìrun wo nìyẹn? Ìwọ ọmọ yìí, yẹra!"

"Nàfílà ni, sà." Mo na ọwọ́ méjèèjì kan férémù ilẹ̀kùn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Gbogbo wa ló ń gbọ́ Ìyá Àgbà nínú yàrá tó ń kun orin sí ara rẹ̀, orin tí wọ́n fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Lèmọ́mù tẹjú mọ́ mi títí. Ó fi ọwọ́ kan Bàbá Kékeré lápá, ó ní, "Ẹ fi ìpín rẹ̀ pamọ́. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ẹni tó ń kírun, a kì í dá a lẹ́nu ìrun rẹ̀." Wọn kò padà wá. Ìyá Àgbà lo ọdún méjì sí i, kò sí ẹni tó sọ fún un. Òwúrọ̀ ọjọ́ tó kú, mo jí ṣáájú ládàánì, mo fa imú títí, n kò gbọ́ òórùn kankan.

Lẹ́yìn náà mo lọ sí yunifásítì, ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì ni mo kà, òun náà ni mo sì fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Mo kọ́ níbẹ̀ pé òróró a máa sá pamọ́ sínú ẹní, sínú pákó àti ògiri amọ̀, pé ọ̀rinrin ìdájí sì lè fà á jáde. Mo gbà á gbọ́. Àgọ́-Ìwòyè ni mo ń gbé báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gba yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, wọ́n ń ra òróró kéékèèké lórí fóònù, wọ́n ń po lọ́fínńdà lórí tábìlì ìkàwé, wọ́n ń tà á fún ara wọn. Wọ́n máa ń mú un wá fún mi láti fín. Mo máa ń sọ fún wọn ohun tó pọ̀ jù àti ohun tó kéré. Imú mi ṣì mọ ìyẹn.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àkọ́bí wa, Múkáílà, kú lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ìyá rẹ̀, ìyàwó mi, wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù nígbà náà, apá kan ara rẹ̀ ti rọ. Lójoojúmọ́ ló ń bi mí, "Bàbá Múkáílà, ọmọ yẹn kò tíì dé?" Àwọn àbúrò mi bẹ̀ mí pé kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní ayé ti là, ẹni tó kàwé kì í fi irọ́ tọ́jú aláìsàn. Mo fa àga sún mọ́ ọn, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo sọ ọ́ fún un lẹ́sẹẹsẹ, bí mo ṣe máa ń kọ́ni ní kíláàsì. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ẹ ṣé," bí ìgbà tí mo gbé omi fún un. Ọjọ́ mọ́kànlá ló lò láyé lẹ́yìn ìyẹn, kò sì béèrè ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi mọ́.

Mo ti ju ẹni ọgọ́rin ọdún lọ. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kọ́, n kò mọ èyí tí n kì bá fi sílẹ̀ kí n lè ní ẹnu ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn fún ìṣẹ́jú kan. Ọmọ náà ì bá wo ojú ìyàwó mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ ì báà máa gbọ̀n, ì bá sì sọ fún un pé Múkáílà ti wà lọ́nà.